Ẹ Bá Mi Tọ́jú Ẹ̀

“Màmá Àgbà, kọ̀ǹpútà mi dà?”

Ọmọge náà ti tú àpótí, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò láyè rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Abọ́ ló ń fọ̀ ní Jámánì kó tó padà sí Ìlútítun láti wá ọ̀nà àtigba oyè másítà. Láìpẹ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì máa pè é láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, inú kọ̀ǹpútà yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ tó fẹ́ fi hàn wọ́n wà.

“Ṣebí ìwọ lo ní kí n tọ́jú ẹ̀ nígbà tó o ń lọ sí Òkìtìpupa lánàá.”

“Mo ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù!”

“Ta ló sọ ọ́ nù? Ó wà níbi tí olè àti kòkòrò ò lè dé.” Ìyá arúgbó náà nawọ́ sí ilé ìdáná.

Ọmọge sáré wọ inú èéfín. Lórí àjà tó wà lókè ààrò, láàárín púpurú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan àti ṣírí àgbàdo, kọ̀ǹpútà náà dúdú bí ìdí ìkòkò, etí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là.

“Màmá! Orí ààrò?”

“O ní ọ̀la rẹ ló wà nínú ẹ̀,” ni ìyá àgbà wí. “Ibẹ̀ la ń kó irúgbìn sí.”