Ẹ̀yìn Mọ́tò Gòkè

"Wọ́n ní mọ́tò yẹn… tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀yìn rẹ̀ á kàn… bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀…" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò nìyẹn, wọn kì í sì í sọ ọ́ parí tí Àńkẹ́ bá ti yọ.

Gòkè, ọkọ rẹ̀, ló ni mọ́tò eré àtijọ́ oníjòkòó méjì náà. Òun àti Bọ́lárìnwá ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń fi iná jó irin pọ̀, ni wọ́n jọ fọwọ́ ara wọn ṣe ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n fi sípíríǹgì wé e lára. Ọjọ́ tí Gòkè kọ́kọ́ gbé e jáde ni irin tó so ṣọ́ọ̀kì náà mọ́ ìdí mọ́tò já ní kọ́nà. Ibẹ̀ ló kú sí. Bọ́lárìnwá wà lára àwọn tó gbé pósí.

Nírọ̀lẹ́ tí Àńkẹ́ wá wo mọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù Bọ́lárìnwá, ọ̀rẹ́ náà tún wí tẹnu rẹ̀.

"Ojú kan péré ni mo fi iná gbá irin yẹn mú, ìyàwó wa. Mo ní kó dúró kí n jó o yí ká. Orí kunkun ò jẹ́ ó gbọ́."

Àńkẹ́ mirí. Látọjọ́ tí Gòkè ti kú ló ti ń bá òkú bínú.

Sípíríǹgì dún, jẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí, àmọ́ ẹ̀yìn mọ́tò rọra tẹ̀ wálẹ̀ lápá awakọ̀, bí ìgbà téèyàn wọlé jókòó. Bọ́lárìnwá fọwọ́ bonu. Síbẹ̀, ohùn Bọ́lárìnwá gan-an ni Àńkẹ́ gbọ́ látinú mọ́tò, tẹ̀rín-tẹ̀rín:

"Mo ti jó o yí ká, Gòkè. Tẹná mọ́ ọn."