Akínlàjà Kánjú Wọ Kíláàsì Kejì

Ní Oǹdó, níbi tí àwọn kan ṣì ń wo ajá bí ẹni ń wo ẹran inú ìkòkò, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Akínlàjà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àlébù kan wà lára rẹ̀ tí ayùn kò lè gé: kò lè fara dà á kí ẹlòmíràn wà níwájú òun. Bí o bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, Akínlàjà á wú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì bi ọ́ pé èwo ló dùn gbọ́ jù.

Ó ní ajá kan tó ń jẹ́ Bójúrí. Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń fi ajá sáré ìdíje. Ajá á fo igi, á gba inú ihò gbọọrọ yọ sódì kejì, á gun pákó, ẹni tó ni ín á sì máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó ń mì. Kíláàsì méjì ni ẹgbẹ́ náà ní. Ajá tó bá sáré kíláàsì kìíní lẹ́ẹ̀mẹta láìṣe àṣìṣe kankan á gba oyè Asárémáṣubú, wọn á sì máa fi oyè náà ṣáájú orúkọ rẹ̀ títí ayé. Bójúrí ti sáré méjì tó mọ́ tónítóní. Ẹyọ kan péré ló kù. Àmọ́ ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹgbẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ajá tó bá ti pé mẹ́sàn-án sáré mọ́.

Sùúrù díẹ̀ ló kù kí oyè délé. Ṣùgbọ́n Adétutù, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Akínlàjà, gba oyè fún ajá tirẹ̀, ó sì kọjá sí kíláàsì kejì.

"Bọ̀dá Akínlàjà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀yin ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí ìṣó. Lọ́jọ́ náà gan-an ló lọ bá Bàbá Akinṣọ́wọ́n, akọ̀wé ẹgbẹ́, pé kí wọ́n kọ orúkọ Bójúrí sí kíláàsì kejì.

"Ṣé o ti ka ojú ìwé kẹrin nínú ìwé òfin?" ni bàbá náà bi í.

"Bàbá, mo ti mọ ajá kí ẹni tó kọ ìwé yẹn tó mọ̀ pé ajá kì í ṣe ewúrẹ́."

"Ó dáa. Fọwọ́ sí i níbí."

Ìgbà tó délé ló tó ṣí ojú ìwé kẹrin. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: ajá tó bá ti wọ kíláàsì kejì kò gbọdọ̀ padà sí kìíní mọ́, eré mímọ́ tó bá sì ní ní ìsàlẹ̀ ti di òfo. Ilẹ̀ mọ́, Akínlàjà sáré padà lọ bá akọ̀wé, ó bẹ̀bẹ̀ títí.

"O ti fọwọ́ sí i," ni Bàbá Akinṣọ́wọ́n dá a lóhùn. "Ṣé kí n fi itọ́ pa á rẹ́ ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìdíje dé. Ní kíláàsì kejì, pákó jangirọ́fà wà, èyí tó máa ń rì bí ajá bá kọjá àárín rẹ̀. Akínlàjà kan irú rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Bójúrí gùn ún dé àárín, pákó mì, ajá dúró gbagidi, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tàn wọ ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lójoojúmọ́. Akínlàjà ń wo ojú ọ̀run, ó ń tọrọ òjò tí yóò ba ìdíje jẹ́. Lọ́jọ́ ìdíje, oòrùn ràn bí ẹni tí wọ́n háyà.

Adájọ́ fun fèrè. Bójúrí fo igi àkọ́kọ́, ó fo èkejì, ó la ihò kọjá. Ó dé orí jangirọ́fà, ó dé àárín, ó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tún gbé e padà.

"Lọ, Bójúrí, lọ," ni Akínlàjà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago tí wọ́n fi ń ka àkókò tí wọ́n fún ajá kọ̀ọ̀kan. Ajá tún gbé ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í rì pẹ̀lẹ́. Akínlàjà kò lè dúró mọ́. Ó na ọwọ́, ó fa ajá lọ́rùn.

Fèrè dún. Òfin ni pé ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kan ajá.

"Ẹ mú ajá yín jáde, sà," ni adájọ́ wí. "Ìdajì àkókò yín ṣì wà nílẹ̀."

Adétutù wá bá a níbi tó jókòó sí. Ojú obìnrin náà wálẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ̀fẹ̀ ni mo ń bá yín ṣe lọ́jọ́ yẹn."

Kí ìdíje mìíràn tó dé, Bójúrí ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Títí ó fi kú, Bójúrí lásán ni wọ́n ń pè é. Kò dun ajá náà rárá. Egungun ló mọ̀, kò mọ oyè. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń dùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tó bá tìtorí ẹnu aládùúgbò fi ohun tó kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀, òfo ni yóò gbé délé. Ẹ parí ti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbójú sókè. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.