Díìsìkì Kejì

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, díìsìkì kejì tún dàwátì nínú kọ̀ǹpútà bàbá kan tó fi ìgbà kan jẹ́ awakọ̀ ojú irin. Ó gbé fóònù, ó pe obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà.

“Ó tún ti lọ o.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mò ń bọ̀.”

Obìnrin náà tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé báàgì irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó sì dé. Ó ṣí ojú dúdú tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ lásán pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ó ní kí ẹ̀rọ náà ka àwọn díìsìkì inú rẹ̀ fún òun. Èkíní, tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, ń jẹ́ ìpè. Èkejì wà nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó yàn án, ó pàṣẹ kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ohùn ìyàwó bàbá náà sì tún jáde: àwọn orin tí olóògbé máa ń kọ nígbà tó bá ń lọ aṣọ, tí ọkọ rẹ̀ rọra gbà sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Kò sí wọn níbòmíràn.

“A máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí, bó ṣe máa ń wí.

Iṣẹ́ náà kì í pẹ́. Tíì ló máa ń pẹ́. Bàbá á sọ ti obìnrin tó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó fi ọkọ̀ ojú irin yà sẹ́nu ọ̀nà òun, torí ẹrù òun wúwo. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti gbọ́ ọ rí, á sì tún rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ṣé o ò lè máa tún un ṣe láti ṣọ́ọ̀bù ẹ ni?” bàbá bi í lẹ́ẹ̀kan.

“Àwọn kan máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ kí n máa fojú rí i.”

Tó bá ti lọ, ilé á pa lọ́lọ́, débi pé bàbá á máa gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń pè lọ́jọ́ Àìkú. “Ṣé ara le, Bàbá?” “Ara le.” Ó parí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni díìsìkì náà ṣàìsàn fúnra rẹ̀. Bàbá ló ń yọ ọ́ látìgbà náà. Ó ti fojú jí iṣẹ́ náà kọ́ lẹ́yìn obìnrin yìí, ojú sì ń tì í, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ á tún dé.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó kọ́kọ́ pe Ìyá Kọ̀ǹpútà pé díìsìkì tún ti lọ, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ láti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Ìyá Kọ̀ǹpútà ti kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀: “Èyí, Bàbá, ẹ má dán an wò láé. Kì í bèèrè bóyá ó dá yín lójú. Á kàn nu gbogbo rẹ̀ nù ni.” Ojú bàbá ṣe bàìbàì díẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Ó yan díìsìkì kejì, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì tó kẹ́yìn kó tó ka ohun tó tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ni.

Ó gbé ìka kúrò bí ẹni gbé e kúrò lórí iná. Ó pa ojú dúdú náà dé. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ búra pé òun ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá Kọ̀ǹpútà kanlẹ̀kùn.

“Ó ti padà fúnra rẹ̀,” ni bàbá wí.

“Ó padà fúnra rẹ̀?” Obìnrin náà wo báàgì irinṣẹ́ tó gbé kọ́ èjìká. “Ẹ jẹ́ kí n ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò.”

Bàbá lọ gbé omi tíì kaná. Láti ilé ìdáná, ó ń gbọ́ bí bọ́tìnnì ṣe ń dún. Nígbà tó padà dé, obìnrin náà ti pa ẹ̀rọ.

“Kò ṣe nǹkan kan,” ni ó wí.

“Mo rò pé kò tún ní sọnù mọ́. Ìwọ náà á lè sinmi.”

“Ara mi ti sinmi tó, Bàbá.”

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì lọ.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bàbá kò súnmọ́ ẹ̀rọ, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, ilé náà dákẹ́ jù. Ó ní kí òun ṣáà gbọ́ orin kan. Ó tan ẹ̀rọ. Orin kò sí. Ó ṣí ojú dúdú náà, ó ní kó ka àwọn díìsìkì: èkíní ń jẹ́ ìpè, wọ́n sì ti yọ èkejì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó na ọwọ́ sí fóònù, ṣùgbọ́n kó tó gbé e, ẹnìkan kanlẹ̀kùn, ohùn Ìyá Kọ̀ǹpútà sì wọlé pé, “Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn, díìsìkì yín tún ti sọnù.”