Orí Kìnnìún Lórí Ọ̀pá Jíà Dúrósinmí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò ju oúnjẹ lọ, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Ní ọdún 2019, ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Rumuola, ní Port Harcourt, tó ń jẹ́ Dúrósinmí. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe. Ó ní mọ́tò eré ìje àtijọ́ kan, pupa, oníjókòó méjì, tí kò ní òrùlé, tó sì ti dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá gbé e jáde, àwọn èèyàn á máa ya fọ́tò, òun náà á sì máa rọra wà á kí fọ́tò wọn lè dára.

Fàrídà ló fẹ́ fi ṣaya. Bàbá Fàrídà, Alhaji Adébíyìí, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní Elekahia. Ọkùnrin mẹ́ta ni Alhaji ti dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ nípa mọ́tò yìí, inú rẹ̀ dùn.

"Irú rẹ̀ ni mo wà nígbà èwe mi," ló wí. "Gbé e wá lọ́jọ́ Sunday, kí n fúnra mi wà á gba Aba Road. Ẹni tó bá mọ ohun àtijọ́ tọ́jú, á mọ ọmọ mi tọ́jú."

Ṣé ẹ gbọ́? Ìyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Kí ló tún kù?

2.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe mọ́tò náà: ọ̀pá jíà rẹ̀ ń mì. Dúrósinmí gbé e lọ sọ́dọ̀ Belema, ọmọ Kálàbàrí tó ń tún mọ́tò ṣe ní Alakahia. Belema yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Oga, na only this small rubber for under don chop finish. Make I change am. The gear stick dey kampe."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Kò tán lójú Dúrósinmí. Ta ló máa rí rọ́bà? Ta ló máa ya rọ́bà ní fọ́tò? Ó fa fóònù yọ, ó fi ọ̀pá jíà tuntun kan hàn án. Ó kúrú, ó ń dán, wọ́n sì fi idẹ ṣe orí kìnnìún sí i lórí, kìnnìún tó yanu sílẹ̀.

"Na this one I want. I don order am sef."

Belema wò ó títí. "Oga, the old one, you must press am down before e enter reverse. This one no get that thing. Reverse dey near number one, nothing block am. Person wey no know am go jam wall o."

"Na me dey drive am. Put am jare. Leave rubber first."

Òun ló ń wà á, lóòótọ́. Ó ti gbàgbé ẹni tó máa wà á lọ́jọ́ Sunday.

3.

Ọjọ́ Sunday pé. Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ọgbà Alhaji. Alhaji wọ inú mọ́tò, ó na ọwọ́ sí orí kìnnìún náà, ó yára fà á padà.

"Kí lèyí? Ṣé ó ń jẹ èèyàn ni?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Belema ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí Dúrósinmí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ bàbá ìyàwó ní mọ́tò, ẹni tó wa ọkọ̀ ọlọ́pàá fún ọgbọ̀n ọdún? Ó ní kóun kọ́kọ́ tọrọ ààyè.

"Alhaji sà, ẹ kú ìsinmi sà. Ẹ má bínú sà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín sà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wà ṣáájú wa sà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ sà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, bí kò bá ní jọ àfojúdi sà..."

Alhaji ti ọ̀pá jíà sí ibi tí nọ́ńbà wáàní máa ń wà láyé tirẹ̀, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Mọ́tò bá fẹ̀yìn sáré. Ó fọ́ ìkòkò òdòdó mẹ́ta, ó wó ilé adìyẹ, ó sì lọ fi ìdí gbá ọ̀pá tó gbé táǹkì omi dúró. Táǹkì náà kọ́kọ́ rò ó wò, lẹ́yìn náà ló dojú dé. Gbogbo omi rẹ̀ dà lé Alhaji lórí. Adìyẹ kan fò wọnú mọ́tò, ó bà lé kìnnìún lórí.

"...rìfáàsì ni sà," ni Dúrósinmí wí.

4.

Alhaji bọ́ sílẹ̀. Kò fara pa. Ó tọ́ka sí orí kìnnìún náà.

"Ọ̀pá jíà tó bá mọ́tò yìí wá láti ilé dà?"

"Mo ti gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù irin sà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó... ó ń mì díẹ̀ ni sà."

Alhaji yíjú sí ìyàwó rẹ̀, tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ láti fàràndà.

"Ìyá Fàrídà náà ti ń mì díẹ̀ báyìí. Mi ò tíì pe àwọn tó ń ra àlòkù." Ó gbọn omi kúrò ní fìlà rẹ̀. "Ọjọ́ ń bọ̀ tí Fàrídà náà á máa mì. Máa lọ sílé, ọmọ mi."

Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀, ó sunkún. Kí n má parọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó wo Fàrídà pé kó bá òun sọ̀rọ̀. Fàrídà di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì wọlé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fàrídà fẹ́ olùkọ́ kan tí kò ní mọ́tò rárá. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n gbé dé ibi ìgbéyàwó.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gba ìkìlọ̀. Bí oníṣẹ́ bá fi ibi tó ń dun ọkọ̀ hàn yín, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe, bí aráyé kò tilẹ̀ ní rí i. Bí ewu bá sì dojú kọ àgbà, ẹ kígbe ná, ẹ ó tọrọ àforíjì tó bá yá. Ẹ má ṣe bíi ti Dúrósinmí tó pa rọ́bà tì, tó ń wá orí kìnnìún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.