Idà Kì Í Padà Sínú Àkọ̀ Ní Gbígbẹ

Ní ìlú wa létí odò Don, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Savẹ́lì, ọkọ mi, ń fi idà gún mi pa kí àwọn àlejò lè rí bí ogun àwọn Kọ́sáàkì, jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ṣe rí. Ẹ̀rọ á jí mi kí ara mi tó tutù, a ó sì lọ jẹun.

Lónìí, ó ti fa idà yọ kí n tó rí i pé iná ẹ̀rọ ti kú.

"Ẹ dá idà padà," mo ní. "Ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́."

"O mọ̀ pé kì í padà láìmu ẹ̀jẹ̀."

Bàbá àlejò kan pòṣé. "Ikú la wá wò. Pa á jàre."

"Ẹ súnmọ́ ibí, bàbá," ni Savẹ́lì wí.

Ó ti idà bọ àkọ̀. Bàbá náà ṣì ń fọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun ara rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde.