Ìwé Ìṣákọ́lẹ̀

Iṣu mẹ́wàá àti epo kẹ́ẹ̀gì kan ni Mùnírù máa ń gbé lọ fún Tíṣà Akínwándé lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde. Lọ́dún yìí òjò dá lójijì. Iṣu mẹ́rin péré ló ṣeé gbé síwájú èèyàn. Ó tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé epo lé e, ó gun ọ̀kadà lọ sí Akanran. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Lásísì, bàbá Mùnírù, ló gba oko náà lọ́wọ́ bàbá Tíṣà tó sì gbin kòkó sí i. Àwọn méjèèjì tẹ̀ka sí ìwé. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ Tíṣà, ìkejì wà nínú àpótí Mùnírù. Ìwé náà kò gùn. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣákọ́lẹ̀ bá ń wọlé, kí Lásísì àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa dáko lọ. Bí kò bá wọlé, kí wọ́n kó jáde.

Ọkọ̀ jíìpù kan ń jáde lọ́gbà Tíṣà bí ó ṣe dé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló bá a sọ ẹrù.

"Mùnírù, ẹrù ẹ fúyẹ́ o."

"Ẹ má bínú, sà. Òjò ló já wa kulẹ̀. Tí a bá ti kórè àgbàdo, màá wá nǹkan kún un."

"Jókòó ná."

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ti wà lórí àwọn lẹ́tà tí àpọ́sítélì kọ sí àwọn ìjọ. Ó ṣí Bíbélì rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé Ábúráhámù ò ní òfin kankan lọ́wọ́ tí Ọlọ́run fi pè é ní olódodo?"

"Ànábì Ìbúráhímà? Tiwa náà ni, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, bàbá gbogbo wa ni. Ìlérí ló kọ́kọ́ gbà. Ó pẹ́ gan-an kí Mósè tó gbé wàláà òfin dé."

Mùnírù mi orí. Ó mọ wàláà. Ó ti gbé e lé orúnkún rí nílé kéú, ọwọ́ ààfáà kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà náà.

"Kí wá ni iṣẹ́ òfin? Ó kàn ń fi ẹ̀ṣẹ̀ wa hàn wá ni. Ká ní wọn ò kọ iṣu mẹ́wàá sílẹ̀, ṣé mẹ́rin á di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ lọ́rùn?"

"Rárá, sà."

"Ohun tí àpọ́sítélì ń sọ nìyẹn. Níbi tí òfin ò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá jó ìwé yẹn níwájú ìjọ. O ò ní gbé iṣu wá mọ́ láé. Mú tìẹ náà wá, ká jọ jó o."

Mùnírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tíṣà dá iṣu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún un, àti epo.

Mùjíbátù, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò yọ̀ tó bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́.

"Kó jó tiẹ̀. Kí ló kàn án pẹ̀lú tiwa?"

"Ó ní ẹni tó bá ṣì di okùn òfin mú lápá kan, olúwarẹ̀ ò tíì gbà pé wọ́n tú òun sílẹ̀ ni."

"Jẹ́ kí Fàdìlàt fi fóònù yà á ná."

"Ìyá Fàdìlàt, ta ní ń ya fọ́tò ṣẹkẹṣẹkẹ tí wọ́n bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀? Ṣé kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀ ni?"

"Pálọ̀ wo? Ṣé a ní pálọ̀ ni?"

Fàdìlàt, tó ti Ẹgbẹ́dá tó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ wá kí wọn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò ya fọ́tò kankan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mùnírù dé fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n dáná sínú garawa ọ̀dà kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ju ẹ̀dà tirẹ̀ sí i, ó gba ti Mùnírù, ó jù ú lé e. Igun kan kò tètè jó. Tíṣà mú igi, ó ń rò ó títí gbogbo rẹ̀ fi di eérú.

"Àbí ẹ̀dà mìíràn ṣì wà níbì kan?"

"Kò sí, sà."

Tíṣà gbá a mọ́ra. Àwọn obìnrin gbé orin. Bàbá àgbàlagbà kan ní òun ti ń gbọ́ ìwàásù oore-ọ̀fẹ́ láti kékeré, òun kò rí i lójú rí àfi òní. Nígbà tó di Jímọ̀, Ishaq, lèmọ́mù abúlé, ṣe àdúà fún Tíṣà, gbogbo jámáà sì ṣe àmín.

Lóṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àjèjì kan wá láti Ìbàdàn. Wọ́n ri èèkàn kọnkéré mọ́lẹ̀ láàárín kòkó, wọ́n sì gé igi méje. Ẹ̀rù kò ba Mùnírù. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, ó ní ẹlẹ́rìí òun ni onílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Tíṣà tètè dé, aṣọ funfun lọ́rùn, Bíbélì lábíyá. Mùnírù dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá Fàdìlàt, wò ó," ni Mùnírù wí. "Tíṣà ti dé."

Adájọ́ béèrè bóyá ìwé kankan wà tó fún Lásísì tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dáko lórí ilẹ̀ náà. Tíṣà gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó ní, "Kò sí, Olúwa mi," ó sì padà lọ jókòó sáàárín àwọn àjèjì tó ti ta ilẹ̀ náà fún láti ìgbà iṣu tuntun.