Ọwọ́ Inú Àwo Omi

Ní yàrá ìwádìí, Adétutù a máa fi ìmọ́lẹ̀ kó àwọn ẹ̀rún bíńtín jọ nínú omi, a sì máa fi iná mànàmáná dà wọ́n kiri bí ẹran. Bí iná bá lọ, wọ́n á rì sísàlẹ̀ àwo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, wọn ò rì. Wọ́n ń yí po.

"Bàbá Akínlàjà, ṣé ẹ ti tan jẹnẹrétọ̀ ni?" ló kígbe sí ọdẹ ẹnu ọ̀nà.

"Epo dà, ìyá mi?"

Adétutù sún mọ́ àwo náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdérí gíláàsì àwo náà. Àwọn ẹ̀rún náà rọ́ wá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n tò di ọwọ́, ìka márààrún pé. Ó fa tirẹ̀ sẹ́yìn wàrà.

Ọwọ́ inú omi ò kúrò. Ó rọra ká ìka kò, bí ìgbà tí àgbà bá ń pe ọmọdé pé kó máa bọ̀.